ÀWỌN ẸLẸ́RÌÍ ÌKẸYÌN: ÌTÀN ÈRÒ ỌMỌ ÈNÌYÀN NÍPA ÌGBẸ̀YÌN ÀGBÁÁLÁ AYÉ

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ oòrùn àti ìràwọ̀. Èsì mi kò gùn. Àwọn onímọ̀ físíìsì ni wọ́n ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí ìṣirò wọn, èyí tí í ṣe ibi tí ọmọ ènìyàn yóò wà nígbà tí oòrùn bá kú, kì í ṣe ti físíìsì nìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ti ń bá wọn pín in rù. Ju ìyẹn lọ, ọ̀nà ẹ̀rí ni àwọn onímọ̀ náà gbà mọ ohun tí wọ́n mọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí sì ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ń ṣe ìwádìí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti ń bá yí láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé nǹkan kò lópin, 'títí ayé' ni wọ́n ń wí. Ayé fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n àìlópin. Ẹni tí ó bá búra pé òun kò ní gbàgbé oore títí ayé kò rò ó rárá pé ayé lè ní ọjọ́ orí, àti pé ọjọ́ orí náà lè ṣe é kà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ń ronú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn onígbàgbọ́ àárín wọn gbà pé Ọlọ́run lè mú ayé wá sí òpin ní ọjọ́ tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ní ti òfin tí oòrùn àti òṣùpá ń tẹ̀ lé, wọn kò rí ìdí kankan tí kò fi ní máa lọ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ọdún 1852 ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. William Thomson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè Lord Kelvin lẹ́yìn náà, tẹ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan jáde nípa agbára. Ohun tí ó wí kò ta kókó. Agbára kì í ṣègbé, ṣùgbọ́n ó ń tú ká. Bí a bá gbé ìkòkò omi gbígbóná kalẹ̀ nínú yàrá, ooru rẹ̀ yóò tàn sínú afẹ́fẹ́ títí omi àti yàrá yóò fi rí bákan náà. Ooru náà kò kúrò láyé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ṣà á jọ padà kí ó fi se iṣu láìná agbára mìíràn lé e. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ̀rọ, ẹranko, odò àti oòrùn ń tọ̀. Thomson wá parí rẹ̀ sí i pé ìgbà kan ti wà tí ilẹ̀ ayé kò ṣe é gbé fún ènìyàn, àti pé irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ padà. Ní ọdún 1854, Hermann von Helmholtz gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwùjọ ní ìlú Königsberg, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba irú èyí tí a pé jọ sí yìí, ó sì na ìṣirò náà dé orí àgbáálá ayé lódindi. Rudolf Clausius ni ó sọ òṣùwọ̀n ìtúká náà ní entropy ní ọdún 1865.

Àpilẹ̀kọ mìíràn tí Thomson kọ ní ọdún 1862 ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Inú Macmillan's Magazine ni ó gbé e sí, ìwé ìròyìn tí àwọn alákọ̀wé gbogbo ń kà, kì í ṣe ti onífísíìsì nìkan. Ó wí níbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí oòrùn má tíì tànmọ́lẹ̀ sí ilẹ̀ ayé ju mílíọ̀nù 100 ọdún lọ, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò tíì tó mílíọ̀nù 500. Ní ti ọjọ́ iwájú, ó ní àwọn ará ayé kò lè máa rí ìmọ́lẹ̀ àti ooru rẹ̀ gbà fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sí i. Lẹ́yìn èyí ni ó wá so ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn: àfi bí orísun ooru mìíràn bá wà nípamọ́ tí a kò tíì mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi 'àfi bí' yìí sọ́kàn. Ní tèmi, òun ni ó níyì jù nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin náà kọ lórí oòrùn.

Kò tu Charles Darwin nínú. Nínú ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1876, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1887 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó wí pé òun gbàgbọ́ pé ọmọ ènìyàn ọjọ́ iwájú yóò pé ju tòní lọ fíìfíì. Nítorí náà, èrò pé òun àti gbogbo ẹ̀dá tí ó ní ìmọ̀lára yóò parun pátá, lẹ́yìn ìdàgbàsókè tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, jẹ́ èrò tí ọkàn kò lè gbà. Ẹ kíyè sí ohun tí ń dun bàbá náà. Kì í ṣe ikú tirẹ̀. Ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wo bí ẹ̀dá ṣe ń fi mílíọ̀nù ọdún kọ́ ara rẹ̀ diẹ̀diẹ̀ ni wọ́n wá sọ fún pé ilé náà kò ní ṣe é gbé pẹ́.

Ní ọdún 1895 ni H. G. Wells gbé The Time Machine jáde, ìwé kékeré tí mo ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí ìran ènìyàn ti pín sí méjì, tí ọ̀kan ń pa èkejì jẹ. Ìparí rẹ̀ ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Arìnrìn-àjò inú ìtàn náà ń bá ẹ̀rọ rẹ̀ lọ títí ó fi dé etíkun kan, ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 30 ọdún sí ìgbà wa. Oòrùn pupa ràkọ̀ràkọ̀, ó tóbi, kò mú ganrín mọ́. Yìnyín ń bọ́. Kò sí ariwo ẹyẹ, kò sí ti kòkòrò. Nǹkan róbótó dúdú kan ni ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí iyanrìn. Òun nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tí ó kù tí ojú rí. Kò sí ohunkóhun tí ó fi hàn pé ènìyàn gbé ibẹ̀ rí.

Wells bu ìṣirò Kelvin mu, ó sì da 'àfi bí' rẹ̀ nù. Gẹ́gẹ́ bí lámèyítọ́, n kò bá a wí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè sọ pé bí ó bá rí báyìí, báyìí ni yóò rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ti ṣẹlẹ̀ tán. Ohun tí ó ṣòro ni pé etíkun Wells ni àwọn ènìyàn rántí, wọ́n sì gbàgbé pé ìṣirò tí ó bí i ní gbèdéke. Wells alára kò gbàgbé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1902, nígbà tí ó sọ̀rọ̀ ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù lórí bí a ṣe lè mọ ọjọ́ iwájú, ó gbà pé kò sí ohun tí ó fi hàn gbangba pé oòrùn kò ní tutù mọ́ wa lórí, ṣùgbọ́n ó ní òun kò gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò parí, nítorí òun gbàgbọ́ nínú títóbi àyànmọ́ ọmọ ènìyàn. Ìgbàgbọ́ ni ó pè é. Kò fi ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì bo ó lójú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní gbọ̀ngàn yẹn kan náà, Ernest Rutherford dìde láti sọ̀rọ̀ nípa radium àti ooru tí ń ti inú rẹ̀ jáde láìdẹwọ́. Kelvin wà níjòókòó. Ó ti súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Rutherford fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ pé bàbá náà ti sùn lọ, àyà òun sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti dé ibi ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé ni bàbá la ojú kan, tí ó sì fi ojú náà wo òun bí ẹni máa gbé òun mì. Ni Rutherford bá rántí 'àfi bí'. Ó ní Lord Kelvin ti sọ pé àfi bí a bá rí orísun ooru tuntun. Àsọtẹ́lẹ̀ ńlá ni, ohun tí a sì ń wí lálẹ́ yìí nìyẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbà bí kò ṣẹ láàárọ̀, yóò ṣẹ lálẹ́.

Radium kọ́ ni ó ń dáná oòrùn, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà hàn. Ní ọdún 1920, Arthur Eddington sọ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n pé jọ sí Cardiff pé ó lè jẹ́ pé dída haidirójìn pọ̀ di hílíọ̀mù ni oòrùn fi ń jó. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Cecilia Payne, fi hàn ní ọdún 1925 pé haidirójìn ni ó pọ̀ jù lọ nínú ìràwọ̀. Ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ náà rọ̀ ọ́ pé kí ó má tẹnu mọ́ ọn, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni òun alára sì gbà pé òótọ́ ni ọmọbìnrin náà sọ. Hans Bethe to ìṣirò bí iná náà ṣe ń jó lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1939. Lónìí a mọ̀ pé oòrùn ti jó fún bílíọ̀nù 4.6 ọdún, ó sì kù tó nǹkan bí bílíọ̀nù 5. Mílíọ̀nù tí Kelvin ń kà ti di bílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Oòrùn ń mọ́lẹ̀ sí i bí ó ti ń dàgbà, nígbà tí ó bá sì fi tó bílíọ̀nù ọdún kan sí i, ooru rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó láti gbẹ omi òkun. Òtútù ni Kelvin àti Wells ń bẹ̀rù, ooru ni yóò kọ́kọ́ lé ará ilé jáde.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gba owó tuntun yìí ná láàrin àwọn òǹkọ̀wé ni Olaf Stapledon, nínú Last and First Men ti ọdún 1930. Bílíọ̀nù ọdún méjì ni ìtàn rẹ̀ kó já, oríṣìí ènìyàn 18 ni ó sì tò tẹ̀ léra wọn, tí àwọn ìkẹyìn wọn ń gbé orí Neptune. Mo bọ̀wọ̀ fún agbára ìrònú ọkùnrin náà. Síbẹ̀ ìwé rẹ̀ máa ń sú mi láti kà, nítorí kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀ tí a lè bá ṣọ̀fọ̀.

Láàrin àkókò yìí, àgbáálá ayé fúnra rẹ̀ ti kọjá ibi tí a fi í sí. Georges Lemaître ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1927, àti Edwin Hubble ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1929, fi hàn pé àwọn agbo ìràwọ̀ ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Bí agbo kan bá ti jìnnà sí wa tó ni ó ń yára sá tó. Agbo ìràwọ̀ ni mo pe irú àkójọ ràbàtà tí oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ara rẹ̀. Ní ọdún 1965, Arno Penzias àti Robert Wilson kéde pé àwọn ti gbọ́ ìgbì ooru tín-ín-rín kan tí ń ti gbogbo igun ojú ọ̀run wá. Ó yé àwọn onímọ̀ pé ìyókù ooru ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti di pé ṣé fífẹ̀ yìí yóò dúró lọ́jọ́ kan, kí ohun gbogbo wó padà sínú ara rẹ̀, àbí yóò máa lọ láìdúró.

Ní ọdún 1977, Jamal Nazrul Islam, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Bangladesh, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó fi tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí àgbáálá ayé tí kò dẹ́kun fífẹ̀ yóò ṣe máa gbó lọ. Mo mẹ́nu kan orúkọ rẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò ó kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ó ta Freeman Dyson jí ní Princeton. Ọdún yẹn kan náà ni Steven Weinberg parí ìwé rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn sí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ pé bí àgbáálá ayé ti ń yéni sí i ni ó ń jọ ohun tí kò ní ète. Dyson kò gbà. Nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ní New York ní ọdún 1978, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1979, ó béèrè ohun tí kò sí onífísíìsì tí ó bi ara rẹ̀ tọkàntọkàn ṣáájú: bí ohun gbogbo bá tutù, ǹjẹ́ ẹ̀dá tí ń ronú lè máa bẹ síbẹ̀?

Èsì rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe, bí ẹ̀dá náà bá mọ̀ ọ́n sùn. Bí àyíká bá ti ń tutù sí i ni kí ó máa rọra ronú sí i, kí ó sì máa sùn pẹ́ sí i láàrin ìrònú kan àti èkejì. Báyìí, agbára tí ó lópin lè tó fún ìrònú tí kò lópin. Dyson tilẹ̀ ṣírò rẹ̀: fún àwùjọ tí ó gbòòrò tó ìran ènìyàn òní, agbára tí oòrùn ń tú jáde láàrin wákàtí 8 péré tó wọn ná títí ayé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka gbólóhùn yìí, mo gbé ìwé náà kalẹ̀. N kò tíì rí ewì tí ó fi ojú ìrẹ̀tí wo ọjọ́ iwájú tó ìṣirò yẹn.

Ṣùgbọ́n òun náà ní 'àfi bí' tirẹ̀. Ó gbé ìṣirò rẹ̀ lé e pé òòfà yóò máa dẹ ìyára fífẹ̀ náà. Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, tí Saul Perlmutter ṣáájú ọ̀kan, tí Brian Schmidt àti Adam Riess sì jẹ́ agbátẹrù èkejì, wo àwọn ìràwọ̀ tí ó bú gbàmù ní ọ̀nà jíjìn réré, wọ́n sì rí i pé ìdàkejì ni ó ń ṣẹlẹ̀: fífẹ̀ náà ń yára sí i ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2011. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ooru kan wà tí àgbáálá ayé kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Oorun Dyson kò sì ní lè jinlẹ̀ kọjá ibẹ̀. Lawrence Krauss àti Glenn Starkman ni wọ́n sọ èyí ní ọdún 2000. Wọ́n ní ìrònú náà yóò dópin. Ẹnu 'bí' náà kò sì tíì pa dé: ní ọdún 2024 àti 2025, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ DESI ya àwòrán ojú ọ̀run láti orí òkè Kitt Peak ní Arizona kéde pé ó jọ pé agbára tí ń ti ohun gbogbo sọ́tọ̀ náà ń rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wọn kò tíì dé ibi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìdánilójú.

Àpilẹ̀kọ tí ó gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ dá lórí ìyè àti ikú. Krauss àti Robert Scherrer ni wọ́n kọ ọ́ ní ọdún 2007. Wọ́n ní bí fífẹ̀ náà bá ń yára lọ báyìí, nígbà tí ó bá fi tó nǹkan bí bílíọ̀nù 100 ọdún, ìyẹn ọ̀kẹ́ lọ́nà mílíọ̀nù 5 bí a bá fi ẹ̀kà àwọn bàbá wa kà á, gbogbo agbo ìràwọ̀ ni yóò ti sá kọjá ibi tí ojú lè rí, àfi ìwọ̀nba àwọn tí òòfà so mọ́ tiwa. Ìgbì ooru ìwáṣẹ̀ tí Penzias àti Wilson gbọ́ yóò máa fà gùn títí ẹ̀rọ kankan kò fi ní lè gbọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìràwọ̀ kéékèèké yóò ṣì máa tàn nígbà náà. Ẹ̀dá tí ó lè ronú lè wà lábẹ́ wọn. Onímọ̀ ìràwọ̀ tí ó bá wà níbẹ̀ yóò gbé awò rẹ̀ sójú, yóò rí agbo kan ṣoṣo nínú òkùnkùn biribiri tí kò lópin, yóò sì parí èrò sí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ayébáyé. Kò ní puró. Ẹ̀rí tí ó wà níwájú rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé, ẹ̀rí náà ni yóò sì ṣì í lọ́nà.

Kò sí ohun tí ó lè sọ òótọ́ fún un bí kò ṣe ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu, ní ọ̀rọ̀ kan.

Ìgbà kan wà tí àwọn òpìtàn yunifásítì kò ka arọ́kìn sí ẹlẹ́rìí rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kìn Ọ̀yọ́ ni Samuel Johnson ti gba púpọ̀ nínú ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní ọdún 1897. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òkè òkun fún títẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ nù. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ tún ìtàn náà kọ, ìyẹn sì ni a rí kà láti ọdún 1921. Ohun tí ẹnu kò jẹ́ kí ó parun ni ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ mú parun. Ẹni tí ó ti ń jà fún ẹ̀rí ẹnu bí èmi, ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìtàn àgbáálá ayé lódindi yóò di ti arọ́kìn. Inú mi kò dùn tán. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí arọ́kìn bá sọ̀rọ̀, a ṣì lè wa ilẹ̀ wò, a lè fi ti Ọ̀yọ́ wé ti Ìbàdàn, a lè mọ ibi tí wọ́n ti bu iyọ̀ sí i. Arọ́kìn bílíọ̀nù 100 ọdún kò ní ní ẹni tí yóò já a nírọ́, kò sì ní ní ẹni tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá dìde tí ó pa irọ́ tí ó dùn jù ú lọ, kí ni onímọ̀ ìràwọ̀ ọjọ́ náà yóò fi mọ ìyàtọ̀?

Nítorí náà, bí a bá bi mí léèrè ipò wa ní ọjọ́ iwájú tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, n kò ní sọ̀rọ̀ aṣẹ́gun tàbí ti aláìnírètí. A bọ́ sí ìgbà tí ẹ̀rí ṣì wà nílẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni wá. Ohun tí ó kù ni èdè tí ẹlẹ́rìí yóò fi sọ̀rọ̀, n kò sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní ọdún 1977, ilé iṣẹ́ NASA ti Amẹ́ríkà so àwo orin oníwúrà mọ́ ọkọ̀ Voyager méjèèjì tí wọ́n ti ń lọ láàrin ìràwọ̀ báyìí. Ìkíni ní èdè 55 ni ó wà lórí àwo náà. Èdè Sumer wà níbẹ̀, èdè Hitti wà níbẹ̀, àwọn èdè tí ẹni tí ń sọ wọ́n ti tán láyé láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Yorùbá kò sí níbẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti kọ ẹ̀rí náà sílẹ̀ ní èdè wa, lọ́nà tí arọ́kìn yóò fi lè gbé e sórí láìsí ìṣirò. Ó le ju bí mo ti rò lọ, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá mú ni ó ń fẹ́ di òwe. Ibi tí mo bá a dé nìyí: Àwọn agbo ìràwọ̀ mìíràn wà rí, wọ́n pọ̀ ju iyanrìn etí òkun lọ. A fi ojú wa rí wọn. A wọn bí wọ́n ti ń sá lọ, a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.